Ṣé Ẹni Tí Kì Í Jẹ Ẹran Lè Fi Kẹ̀kẹ́ Díje?

Ọ̀rọ̀ tí a bá kíláàsì àwọn àgbà sọ ní alẹ́ ọjọ́ kan

  Mo mọ̀ pé láti ibi iṣẹ́ ni púpọ̀ nínú yín ti wá, ẹlòmíràn kò tilẹ̀ tíì jẹun alẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni a fẹ́ sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí a parí ìwé kíkà, ìyá kan nínú yín dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọ mi ọkùnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje ti fi ẹran sílẹ̀. Ó fi ẹja sílẹ̀. Ó fi ẹyin àti mílíìkì sílẹ̀. Ó ní òun rí i lórí fóònù pé àwọn tó ń gba àmì-ẹ̀yẹ lókè òkun kì í jẹ wọ́n. Ó sì ti ń rù. Ṣé kí n fọwọ́ lẹ́rán máa wò ó ni, àbí kí n máa fi ẹran sí oúnjẹ rẹ̀ ní tipátipá?"

Mo bẹ ìyá náà pé kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo ka ìwé, mo bi àwọn tó mọ̀ jù mí lọ. Ìyá ti gbà kí n sọ ọ̀rọ̀ náà níwájú gbogbo yín. Ọmọ náà wà níbí lálẹ́ yìí, ó jókòó ti ìyá rẹ̀. Káàbọ̀, ọmọ mi. Má bojú jẹ́, kì í ṣe ẹjọ́ ni a pè ọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Oríṣi ènìyàn méjì ni wọ́n ń pè ní ajẹ̀fọ́. Ti àkọ́kọ́ kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹyin, ó sì ń mu wàrà. Ti èkejì kò fẹ́ ohunkóhun tó bá ti ara ẹranko wá. Kò jẹ ẹyin, kò mu wàrà, àní oyin pàápàá, kò fẹnu kàn án. Oríṣi kejì yìí ni ọmọ wa fẹ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí, ajẹ̀fọ́, a máa ṣi ènìyàn lọ́nà. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀fọ́ nìkan, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò ní jìnnà sílé kó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀wà, ìrẹsì, iṣu, gààrí, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí, búrẹ́dì, èso, oúnjẹ ajẹ̀fọ́ ni gbogbo wọn.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe mí rí. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo ní kẹ̀kẹ́ kan tí mo máa ń nù ju bàtà mi lọ. Ní ọjọ́ kan, mo fẹ́ gùn ún láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà tó lé ní 50 kìlómítà. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, a ṣe ìnáwó nílé wa, wọ́n pa màlúù. Mo jẹ ẹran débi pé n kò ráyè fún àmàlà. Mo ń sọ fún ara mi pé agbára ìrìn-àjò ọ̀la ni mò ń tọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mu tíì tí kò ní ṣúgà, mo gbéra.

Wákàtí àkọ́kọ́ dùn. Mò ń fò bí ẹyẹ. Nígbà tó ṣe, ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí wúwo. Òkè kékeré tí ọmọdé lè gùn wá di òkè ńlá lójú mi. Òógùn tútù bò mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, òòyì ń kọ́ mi. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó sábẹ́ igi. Mo rò pé ibà ló dé. Ìyá àgbà kan tó ń ta gààrí lẹ́bàá ọ̀nà wò mí títí, ó ní, "Ọmọ yìí, ebi ló ń pa ọ́." Mo ní, "Ìyá, ẹran tí mo jẹ lánàá kò tíì dà nínú mi." Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi omi sí gààrí fún mi, ó da ṣúgà sí i, ó fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ojú mi fi là. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi, mo dé Ògbómọ̀ṣọ́ kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ìyá àgbà náà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ohun kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá ilẹ̀ Yúróòpù ṣì ń jiyàn lé lórí ní nǹkan bí ọgọ́jọ ọdún sẹ́yìn. Ní àwọn ọdún 1840, ọ̀mọ̀wé kan wà ní ilẹ̀ Jámánì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Justus von Liebig. Ó kọ́ àwọn ènìyàn pé bí a bá ń ṣiṣẹ́ agbára, ẹran ara wa gan-an là ń sun bí igi ìdáná. Nítorí náà, ó ní irú èròjà tó wà nínú ẹran ni a gbọ́dọ̀ fi dí i. Èròjà yìí ni à ń pè ní amáradàgbà. Orúkọ Liebig tóbi, gbogbo ènìyàn sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1865, àwọn olùkọ́ méjì láti ìlú Zürich ní ilẹ̀ Switzerland fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Adolf Fick ni orúkọ ọ̀kan, èkejì ni Johannes Wislicenus. Wọ́n pinnu láti gun òkè kan tí à ń pè ní Faulhorn. Láti ibi tí wọ́n ti gbéra dé orí òkè náà, wọ́n gòkè tó 1,956 mítà. Kí wọ́n tó lọ, àti nígbà tí wọ́n ń lọ, wọn kò jẹ ohunkóhun tó ní èròjà amáradàgbà nínú. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n jẹ? Wọ́n po sítáàṣì, wọ́n dín in nínú ọ̀rá, bí ẹni dín àkàrà tí kò ní ẹ̀wà. Wọ́n mu tíì tí wọ́n da ṣúgà sí. 

Gbogbo ìtọ̀ tí wọ́n tọ̀ ni wọ́n gbà sínú ìgò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìtọ̀ ni ìwé ẹ̀rí, nítorí bí ara bá sun èròjà amáradàgbà, eérú rẹ̀ inú ìtọ̀ ló ń bá jáde. Nígbà tí wọ́n wọn eérú náà, wọ́n rí i pé ó kéré púpọ̀. Èyí tí ara wọn sun kò lè gbé wọn dé orí òkè. Nítorí náà, ohun mìíràn ló gbé wọn dé ibẹ̀. Sítáàṣì, ṣúgà àti ọ̀rá ni.

Lónìí, kò sí iyàn mọ́ lórí èyí. Bí ènìyàn bá ń wa kẹ̀kẹ́ kíkankíkan, oúnjẹ afáralókun ni ara ń sun jù, ìyẹn àwọn bí iṣu, ìrẹsì, búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ṣúgà. Ara a máa tọ́jú díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 400 sí 500 gíráàmù lọ. Bí a bá sáré gidi, kò ní ju wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì lọ tí yóò fi tán. Ohun tó ṣe mí lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń díje fi ń jẹun lórí kẹ̀kẹ́. Wọ́n ń mu omi oníṣúgà, wọ́n ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìrẹsì tí wọ́n sè tó dì, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n wé sínú bébà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ oúnjẹ afáralókun tó 60 sí 90 gíráàmù ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Inú oko ni gbogbo ìwọ̀nyí ti wá, kì í ṣe inú agbo màlúù.

Síbẹ̀, àṣà kì í tètè kú. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, púpọ̀ nínú àwọn tó ń díje nínú Tour de France, eré kẹ̀kẹ́ tó lókìkí jù lọ ní ayé, ṣì ń jẹ ẹran màlúù ní òwúrọ̀ kí wọ́n tó gun kẹ̀kẹ́. Wọ́n rò pé ẹran ni agbára. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, kí n tó bá ìyá onígààrí pàdé.

Ẹ jẹ́ kí á wá gbọ́ ti àwọn tó ti fi ẹran sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Kó tó di ọdún 1890, àwọn ajẹ̀fọ́ ti dá ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà yẹn, àwọn ènìyàn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn yóò dákú lójú ọ̀nà. Ọ̀kan nínú àwọn oníkẹ̀kẹ́ ajẹ̀fọ́ ìgbà náà, G. A. Olley, gun kẹ̀kẹ́ láti ìpẹ̀kun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ìpẹ̀kun àríwá ilẹ̀ Scotland, ó lé ní 1,300 kìlómítà. Láàárín ọdún 1900 sí 1910 ló ṣe é. Ó sì yára ju gbogbo ẹni tó ti gba ọ̀nà náà ṣáájú rẹ̀ lọ.

Ti ìgbà tiwa ńkọ́? Obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà, Lizzie Armitstead, ẹni tí a wá ń pè ní Lizzie Deignan nígbà tó lọ sílé ọkọ. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún 10 ló ti fi ẹran sílẹ̀. Ní ọdún 2012, ní ìdíje Òlíḿpíìkì ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ó gun kẹ̀kẹ́ fún 140 kìlómítà nínú òjò. Bí ẹni gun kẹ̀kẹ́ láti Ìbàdàn dé Èkó ni. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà. Ní ọdún 2015, ní ìlú Richmond ní Amẹ́ríkà, ó borí gbogbo obìnrin ayé. Ti oríṣi àkọ́kọ́ ni òun.

Ti oríṣi kejì, èyí tí ọmọ wa fẹ́, ẹ gbọ́ ti Dotsie Bausch, obìnrin ará Amẹ́ríkà. Ó tó ọdún méjì ààbọ̀ ṣáájú Òlíḿpíìkì ọdún 2012 tó ti fi ohun gbogbo tó ti ara ẹranko wá sílẹ̀. Ó rí fíìmù kan nípa bí wọ́n ṣe ń pa ẹran, ọkàn rẹ̀ kò sì gbà á mọ́. Nígbà tí ìdíje dé, ó jẹ́ ẹni ọdún 39. Ní irú eré tirẹ̀, níbi tí àwọn obìnrin mẹ́ta ti jọ ń sá kẹ̀kẹ́ po nínú pápá, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó lè pè ní àbúrò. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba fàdákà.

Nítorí náà, ìyá mi, ọmọ yín kò parọ́. Ohun tó rí lórí fóònù, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fóònù sọ ìdajì, ó gbé ìdajì mì. Ìdajì tó gbé mì ni mo fẹ́ sọ báyìí, ọmọ mi, kí o sì tẹ́tí.

Ohun èkíní ni fítámì kan tí à ń pè ní B12. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín: lẹ́tà B, kí ẹ kọ 12 tì í. Fítámì yìí wà nínú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà. Kò sí nínú ẹ̀fọ́. Kò sí nínú ẹ̀wà. Kò sí nínú iṣu. Irú tó ń ta sánsán nínú ọbẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e fún èyí. Láìsí fítámì yìí, ara kò lè ṣe ẹ̀jẹ̀ bó ti yẹ, àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára láti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́. Ẹsẹ̀ á máa kú bí ẹni jókòó lé e pẹ́. Ìgbàgbé á dé. Bí a bá fi falẹ̀, ìbàjẹ́ náà lè má lọ mọ́.

Ẹ̀tàn rẹ̀ ni pé kì í tètè fara hàn. Ẹ̀dọ̀ wa ń tọ́jú fítámì yìí pa mọ́, ìpamọ́ náà sì lè tó ọdún méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin lè fi ẹran, ẹyin àti wàrà sílẹ̀ lónìí, kó máa borí nínú eré fún odidi ọdún kan, kó máa sọ pé, "Ṣé ẹ rí i? Kò sí nǹkan kan!" Ìpamọ́ ni ó ń ná. Ọjọ́ tí àpò bá gbẹ kò ní fi ìwé ránṣẹ́ sí i.

Oògùn rẹ̀ kò le. Tábúlẹ́ẹ̀tì B12 ni, ilé ìtajà oògùn ń tà á. Àwọn oúnjẹ kan wà pẹ̀lú tí ilé iṣẹ́ ti fi fítámì yìí sí, a máa ń kọ ọ́ sí ara páálí wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà báyìí lè kà á fúnra yín. Ẹni tó jẹ́ ajẹ̀fọ́ oríṣi kejì gbọ́dọ̀ máa lò ó títí. Kò sí àṣàyàn níbẹ̀. Bí ọmọ yìí bá sọ pé òun kò fẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì, kó padà sí ẹyin àti wàrà.

Ohun èkejì ni irin. Bẹ́ẹ̀ ni, irin wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, díẹ̀ tín-ín-rín ni, òun ló ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí sínú lọ sí gbogbo ara. Oníkẹ̀kẹ́ tí irin ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó yóò máa mí hẹlẹ-hẹlẹ lórí òkè tí àwọn yòókù ń gùn wẹ́rẹ́. Irin wà nínú ẹ̀wà, ẹ̀wà sóyà àti ẹ̀fọ́ tútù, ṣùgbọ́n ara wa kì í tètè gbà á láti inú wọn bó ṣe ń gbà á láti inú ẹran. Ohun méjì ló ń ran ni lọ́wọ́. Bí a bá jẹ ọsàn, gúrófà tàbí ìbẹ́pẹ pẹ̀lú oúnjẹ náà, ara á gbà á dáadáa. Bí a bá sì fi tíì tàbí kọfí lé oúnjẹ, ńṣe ni à ń tì í sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan kí ẹ tó mu tíì yín. Àwọn obìnrin tó ń díje ni kó ṣọ́ra jù níhìn-ín, nítorí nǹkan oṣù. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má dédé ra tábúlẹ́ẹ̀tì irin jẹ láìjẹ́ pé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ọsibítù. Irin tó pọ̀ jù nínú ara, májèlé ni.

Nípa èròjà amáradàgbà, n kò ní pẹ́ níbẹ̀, nítorí òun ni gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù jù, òun gan-an ló sì rọrùn jù. A ti gbọ́ pé kì í ṣe òun ló ń wa kẹ̀kẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti tún ara ṣe lẹ́yìn eré. Ẹni tó wọn 60 kìlógíráàmù, tó ń díje, nílò nǹkan bí 72 sí 96 gíráàmù rẹ̀ lóòjọ́. Ẹ̀wà gbígbẹ tó wọn 200 gíráàmù ti fún un ní nǹkan bí 46. Ẹ̀pà, ẹ̀gúsí, sóyà, búrẹ́dì àti ìrẹsì á parí ìyókù. Ìyá tó mọ mọ́ínmọ́ín se kò yẹ kó sọkún nítorí èròjà amáradàgbà. Mo sì gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ lẹ́yìn pé pọ̀nmọ́ ńkọ́? Pọ̀nmọ́ dùn, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n awọ ni. Ẹni tó fi pọ̀nmọ́ sílẹ̀ tó gba ẹ̀wà kò fi ohun ńlá sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ló kù yìí, òun sì ni mo rí lára ọmọ yìí nígbà tó wọlé. Oúnjẹ kò tó.

Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tí kò le púpọ̀ ń sun oúnjẹ tó nǹkan bí 2,500 kálórì lóòjọ́. Àwọn tó ń díje ní Tour de France lè sun 5,000 sí 8,000 ní ọjọ́ kan, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ẹ bá gbé ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ nìkan kalẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ikùn rẹ̀ á kún, afẹ́fẹ́ á máa gbún un nínú, síbẹ̀ oúnjẹ ara rẹ̀ kò tíì dé ìdajì. Oúnjẹ ajẹ̀fọ́ a máa fẹ̀ nínú awo, kó má sì tó nínú ara.

Ará Amẹ́ríkà kan, David Zabriskie, dán an wò ní ọdún 2011. Ó lọ sí Tour de France ọdún náà, tó lé ní 3,400 kìlómítà, láìjẹ ẹran, láìjẹ ẹyin, láìmu wàrà. Ẹja díẹ̀ ló gbà láàyè láti jẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, kì í ṣe ajẹ̀fọ́ pátápátá. Ní ọjọ́ kejì eré náà, níbi tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń sáré papọ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gba ipò kìíní. Àmọ́ ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó ṣubú, eegun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ fọ́, ó sì kúrò nínú eré. Oúnjẹ kọ́ ló bì í ṣubú, ojú ọ̀nà ni. Bẹ́ẹ̀ ni a kò ṣe mọ bí ara rẹ̀ ìbá ti rí ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé ẹni tó mọṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tí ẹgbẹ́ ń tọ́jú, ṣì ń ṣírò ohun tó ń jẹ ní gbogbo ọjọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Dotsie Bausch, nítorí mo fo nǹkan kan nínú ìtàn rẹ̀. Kó tó mọ kẹ̀kẹ́ wà rárá, àìsàn kan ṣe é, èyí tó ń mú kí ènìyàn máa fi ebi pa ara rẹ̀ títí tí yóò fi gbẹ bí igi. Ó ṣe é gidi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ìgbà tó ń gbádùn bọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí gun kẹ̀kẹ́, ó ti lé ní ọmọ ọdún 25. Nígbà tó wá fi ẹran sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, kò fi oúnjẹ sílẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń jẹun gidi. Àwọn dókítà mọ̀ pé àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé orúkọ ajẹ̀fọ́ ni wọ́n fi ń bo ebi mọ́lẹ̀. Lónìí ó fi ẹran sílẹ̀, lọ́la ọ̀rá, lọ́túnla búrẹ́dì, títí kò fi ku nǹkan kan. Nínú eré kẹ̀kẹ́, níbi tí gbogbo ènìyàn ti fẹ́ fúyẹ́ lórí òkè, ẹ̀tàn yìí pọ̀. Òtútù tí kò yẹ kó mú ni, àìsùn, àìsàn kékeré tí kò tán, eegun tó ń fọ́ láìsí ohun gidi, nǹkan oṣù obìnrin tó dáwọ́ dúró, àmì rẹ̀ nìwọ̀nyẹn.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ yìí, mo fa ọmọ yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Kí lo jẹ lónìí?" Ó ní òun mu tíì láàárọ̀, òun jẹ búrẹ́dì díẹ̀. Ó ní òun gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí mẹ́ta. Ó ní ní ọ̀sán, òun jẹ ẹ̀fọ́ àti tòmátì. Mo ní, "Kí lo fi jẹ ẹ́?" Ó dákẹ́. Mo ní, "Ìrẹsì ńkọ́? Ẹ̀wà ńkọ́?" Ó ní ìyá òun máa ń fi edé sí ẹ̀wà ní bòókẹ́lẹ́, òun sì ti rí i lẹ́ẹ̀mejì, ìdí nìyẹn tí òun kò fi jẹ ẹ̀wà ilé mọ́.

Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú yín ṣe é. Ṣùgbọ́n edé tí ẹ fi pa mọ́ sínú ẹ̀wà, odidi ìkòkò ẹ̀wà ló gbà lọ́wọ́ ọmọ yín. Kò gbẹ́kẹ̀ lé ìkòkò yín mọ́, ó wá ń jẹ ewé bí ewúrẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín, ìwọ náà ọmọ mi, gbọ́ tìrẹ. Má ṣe wí fún mi pé màlúù ń jẹ koríko ó sì lágbára. Ikùn màlúù pín sí mẹ́rin, tìrẹ jẹ́ ẹyọ kan. Má sì rò pé fífi ẹran sílẹ̀ ni yóò mú ọ borí. Àwọn tó ti fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, tí wọ́n fi àwọn tó ń jẹ ẹran àti àwọn tí kì í jẹ ẹ́ wé ara wọn, kò rí i pé ẹran ń ba eré ọ̀nà jíjìn jẹ́, wọn kò sì rí i pé àìjẹ ẹ́ ń mú un yá. Nínú eré kúkúrú tí a ń fi agbára ojú ẹsẹ̀ sá, ẹlẹ́ran tilẹ̀ ní àǹfààní díẹ̀, nítorí èròjà kan tó ń jẹ́ kíríátììnì pọ̀ díẹ̀ sí i nínú iṣan rẹ̀. Wọ́n ń ta á ní lúbúlúbú, kì í sì í ṣe inú ẹran ni wọ́n ti ń mú un jáde, ṣùgbọ́n ìwọ tó ń gun ọ̀nà jíjìn, má tíì ná owó lé e. Tábúlẹ́ẹ̀tì B12 ni kó o kọ́kọ́ fi owó rà.

Bí a ṣe fẹ́ ṣe é nìyí. Òun àti ìyá rẹ̀ ti gbà fún ara wọn kí a tó wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí, wọn yóò jọ lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ṣì ń rù lẹ́yìn oṣù kan, kẹ̀kẹ́ yóò dúró sílé títí yóò fi ṣara, yálà ìdíje wà tàbí kò sí. Láàárọ̀, kó tó gun kẹ̀kẹ́, ẹ̀kọ tàbí búrẹ́dì pẹ̀lú àkàrà, kó jẹ́ kó pọ̀. Kó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti omi oníṣúgà sí ara kẹ̀kẹ́. Bó bá dé, ìrẹsì àti ẹ̀wà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó jẹ ọsàn lé e. Lálẹ́, iṣu tàbí gààrí pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tàbí ẹ̀fọ́. Ẹ̀pà ni kó máa jẹ láàárín, nítorí ó kéré lọ́wọ́ ṣùgbọ́n ó pọ̀ lára.

Ìyá ní òun kò lè máa dáná lẹ́ẹ̀mejì, àwọn yòókù nílé ń jẹ ẹja. Òótọ́ ni, epo àti gáàsì ti wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ se ọbẹ̀ náà láìsí ẹja. Ẹ bu ti ọmọ yín sọ́tọ̀ sínú abọ́ tirẹ̀, kí ó máa wò yín bí ẹ ti ń bù ú. Lẹ́yìn náà, ẹ da ẹja àti edé yín sínú ìyókù.

 Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́.